Ọmọ mi ń gba ipò kejì ní ilé-ìwé ìjọ wa, ṣùgbọ́n kò lè ka ìwé ìyá àgbà

Ìbéèrè: “Ìyá olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Kabba ni mo ń gbé. Ọmọbìnrin mi ti pé ọmọ ọdún 8, ó sì wà ní pírámárì kẹta ní ilé-ìwé tí ìjọ wa dá sílẹ̀. Ipò kejì ni ó máa ń gbà ní gbogbo táàmù. Nígbà tí a lọ kí ìyá mi ní Ìsánlú, wọ́n gbé ìwé kékeré kan tí àbúrò mi kọ sí wọn lé ọmọ náà lọ́wọ́ pé kí ó kà á fún àwọn. Kò lè ka ìlà kan já. Oṣù tó kọjá ni ó tún wálé pẹ̀lú ojú pàṣán mẹ́ta ní àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá sì ti dé láti ilé-ìwé, ilé ìtọ̀ ni yóò kọ́kọ́ sá lọ, ìgò omi tí mo fún un láàárọ̀ yóò sì padà wálé ní kíkún. Ọkọ mi ní kí a mú un kúrò níbẹ̀. Pásítọ̀ wa ní iṣẹ́ Olúwa ni ilé-ìwé náà, pé bí àwa ọmọ ìjọ bá ń kó ọmọ wa lọ, ta ni yóò kù? Kí ni kí n ṣe?”

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, okun o. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó fèsì, nítorí pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ẹ dì sínú ìdì kan ṣoṣo. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ yín mọ̀wé tó bí káàdì rẹ̀ ṣe wí. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tí ẹ fà á lé lọ́wọ́ ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹ mú un kúrò. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni pásítọ̀ àti ọkọ yín ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ariwo rẹ̀ sì ti bo méjì yòókù mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó dúró ná. Bí a bá ti mọ ìdáhùn sí méjì àkọ́kọ́, ẹ ó rí i pé kò ní ṣòro mọ́.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí n kọ́kọ́ là yé yín. Nígbà tí àwọn àgbà ilẹ̀ wa bá ń yin ilé-ìwé ìjọ, kì í ṣe irú èyí tí ọmọ yín ń lọ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọdún 1908 ni Tommy Titcombe ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere SIM dé ilẹ̀ Yàgbà, tí ó sì fi Ẹ̀gbẹ̀ ṣe ibùjókòó. Inú iṣẹ́ ẹgbẹ́ yẹn náà ni ìjọ ECWA ti jáde ní 1954. Àwọn Àgùdà àti àwọn Áńgílíkà kọ́ ilé-ìwé tiwọn pẹ̀lú ní Kabba àti káàkiri Ìjùmú. Àwọn ilé-ìwé wọ̀nyẹn lórúkọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà nídìí. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ wọn ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó di ẹfun mú, ìjọba ń fún wọn ní owó ìrànwọ́, alábẹ̀wò sì lè yọ sí wọn nígbàkígbà, kí ó ní kí ọmọ tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá dìde kàwé. Ní àwọn ọdún 1970 ìjọba gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí ilé-ìwé kan fi lè máa jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ títí di òní, tí ó sì jẹ́ pé LGEA ni, ti ìjọba ìbílẹ̀ pátápátá. Tiyín kò sí lára wọn. Ilé-ìwé aládàáni ni, ìjọ yín sì ni aládàáni náà. Orúkọ rere tí àwọn ti àtijọ́ fi òógùn wá kò lè ti ara àgbélébùú ẹnu géètì ran tuntun. Bí tuntun náà bá fẹ́ ẹ, àfi kí òun náà ṣiṣẹ́ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ipò kejì. Ipò kò sọ ohun tí ọmọ mọ̀. Ohun tí ó ń sọ ni ẹni tí ó wà níwájú ọmọ àti àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọmọ 12 bá wà nínú kíláàsì, tí 10 nínú wọn kò lè kàwé rárá, ẹni tí ó lè ka ìdajì ojú ìwé yóò gba ipò kejì ní ìrọ̀rùn. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn òbí kì í sábà mọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni, ohun tí tíṣà kọ sójú bọ́ọ̀dù ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò ni yóò tún jáde nínú ìdánwò, gbólóhùn sí gbólóhùn. Ọmọ tí ó ní iyè nínú yóò há a sórí, yóò sì gba 90. Irọ́ kọ́ ni káàdì náà pa; iyè inú ọmọ ni ó dánwò, ẹ̀yin sì rò pé ìwé kíkà ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín nílé ìyá àgbà gan-an ni ìdánwò tòótọ́, nítorí pé ọmọ náà kò rí ìwé yẹn rí. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ àbẹ̀wò, mo wọ kíláàsì kan tí ọmọbìnrin kékeré kan ti ka ojú ìwé kan fún mi geere, tí ohùn rẹ̀ ń ròkè, tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ bíi ti tíṣà rẹ̀. Tíṣà ń rẹ́rìn-ín, ọ̀gá ilé-ìwé náà sì ń mi orí. Mo yọ bébà kan nínú fáìlì mi, mo fi bo àwòrán orí ojú ìwé náà, mo ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ó máa bọ̀ lókè. Ó wo bébà yẹn, ó wo tíṣà rẹ̀, ó tún wojú mi, omi sì lé ròrò sí i lójú. Kò mọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Àwòrán ni ó ń kà láti ìgbà yẹn, àti ohùn tíṣà tí ó ti wà létí rẹ̀. Títí di òní, mo ń kábàámọ̀ pé níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ti ṣe é. Ẹ má ṣe irú rẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe é nínú ilé, ní ìrọ̀lẹ́ tí ara bá tu gbogbo yín. Ẹ wá ìwé tí kò sí nínú àpò ilé-ìwé rẹ̀, kí ó ka ìlà márùn-ún, kí ó sì sọ ohun tí ó kà fún yín ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí kò sí láyé síwájú rẹ̀ pẹ̀lú, bíi “bamúti” tàbí “kofelu”. Ọmọ tí ó mọ bí lẹ́tà ṣe ń di ohùn yóò pè é, yóò sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí ó há ìwé sórí kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ wò, kí ẹ má sì jẹ́ kí àmì pupa ká yín lára. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe àmì kẹ́yìn. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yọ iye kúrò nínú iye. Bí ẹ bá rí i pé ọmọ náà yọ 17 kúrò nínú 43, tí ó sì kọ 34, kì í ṣe pé ó sáré ṣe é. Ó rí i pé 3 kò tó 7 yọ, ó bá yí wọn padà, ó yọ 3 kúrò nínú 7, ó kọ 4, ó wá yọ 1 kúrò nínú 4, ó kọ 3. Àìyé kan pàtó ni, ó sì ní ọ̀nà tí a fi ń tún un ṣe. Bí tíṣà bá wá fi àmì “ó tọ̀nà” sí i, ẹ̀rí yín ti délẹ̀ pé kò sí ẹni tó ń ka ohun tí ọmọ ń kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ohun tí ó ń da ọmọ yìí láàmú ti wà lẹ́nu ìyá àgbà rẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ni 17 ní èdè wa, ìyẹn ni pé ó ku mẹ́ta kí ó pé ogún. Mẹ́tàlélógójì ni 43, ìyẹn mẹ́ta lórí ogójì. Láti 17 dé ogún, mẹ́ta; láti ogún dé ogójì, ogún; mẹ́ta tí ó wà lórí ogójì, mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 26. Mo ti fi ẹ̀kọ́ yìí kọ́ ọmọ ní Yàgbà àti ní Bùnú, kò sì sí èyí tí kò yé láàárín ìrọ̀lẹ́ méjì.

Èyí mú mi dé ibi tí mo rò pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ìwé kíkà náà wà. Ìwé tí àbúrò yín kọ sí ìyá yín, ó dá mi lójú pé Yorùbá ni wọ́n kọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì kọ́ ọmọ yín ní Yorùbá kíkà rí. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi, tí wọ́n sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ èdè ilé rẹ̀. Ti àwa ará Okun, ìyẹn àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, tún ní ìdí kejì: Ọ̀wọ́rọ̀, Òwé, Ìjùmú, Bùnú tàbí Yàgbà ni ọmọ ń gbọ́ nínú ilé, Yorùbá inú ìwé sì yà díẹ̀ sí i, Gẹ̀ẹ́sì sì jìnnà sí méjèèjì. Ọmọ náà ń kọ́ lẹ́tà tí kò mọ̀, nínú èdè tí kò gbọ́. Lẹ́tà 25 péré ni Yorùbá ní, ohùn kan náà sì ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ níbi tí a bá ti bá a pàdé, yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń yí ohùn padà bí ọ̀gà. Àwọn ajíhìnrere àtijọ́ mọ èyí, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn baba wa kí wọ́n lè ka Bíbélì. Ní 1970 Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen’s ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ láti pírámárì kìíní dé ẹ̀kẹfà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó dá ọmọ yín lẹ́jọ́, ẹ fún un ní ìlà márùn-ún ti Gẹ̀ẹ́sì àti ìlà márùn-ún ti Yorùbá. Bí ó bá ka ti Gẹ̀ẹ́sì, tí ti Yorùbá nìkan sì ṣòro fún un, ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí ẹ ṣe rò. Oṣù kan péré ti tó fún ẹ̀yin àti ìyá yín láti kọ́ ọ. Bí kò bá lè ka méjèèjì, ẹ máa bá mi kálọ.

Kí ló ń fà á tí ilé-ìwé tí ìjọ fi tìfẹ́tìfẹ́ dá sílẹ̀ fi ń rí báyìí? Mo ti jókòó nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí ibi tí omi ti ń jò. Wọ́n máa ń fẹ́ kí owó ilé-ìwé kéré kí ọmọ ìjọ lè san án, èrò tó dára nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ náà ni kì í san án pé, ó sì ṣòro fún pásítọ̀ láti lé ọmọ díákónì padà sílé nítorí gbèsè. Owó tí ó wọlé kò wá tó san owó oṣù olùkọ́ tí ó ní NCE, bẹ́ẹ̀ ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí sì ní NCE ni ìwé ẹ̀rí tí ó kéré jù tí a fi ń ṣe olùkọ́. Wọ́n á wá gba ọmọ ìjọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì tí ó ń dúró de JAMB. Ọmọ dáadáa ni, ó ń gbàdúrà, ó ń kọrin, kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ọdún 6 ní ìwé kíkà. Bí ó bá rí ilé-ìwé gíga wọ̀ ní oṣù kẹwàá, ó ti lọ nìyẹn, kíláàsì á sì gba ẹlòmíràn. Ẹ bi ọmọ yín léèrè pé tíṣà mélòó ló ti kọ́ ọ láti pírámárì kìíní. Bí ó bá kà wọ́n kọjá mẹ́ta, ẹ ti rí ìdáhùn kan. Kí n má sì parọ́ mọ́ gbogbo wọn: mo mọ ilé-ìwé ìjọ méjì ní agbègbè wa tí ìjọ ń ti inú owó tirẹ̀ san ìdajì owó oṣù àwọn olùkọ́, tí tíṣà kan náà sì ti wà ní pírámárì kìíní fún ọdún 9. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń kàwé. Ìjọ ni wọ́n, bíi tiyín.

Ní ti pàṣán, mo mọ̀ pé ẹ ó gbọ́ òwe. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ìdajì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ tíṣà gbọ́ nínú rẹ̀. Èmi náà na ọmọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, n kò sì ní fi bò. Ohun tí mo rí ni pé ọmọ tí a nà nítorí kò mọ ọ̀rọ̀ kan yóò dẹ́kun láti gbìyànjú, nítorí pé ẹni tí ó dákẹ́ kì í ṣìṣe. Ẹ bi ọmọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí ló fà á. Bí ó bá jẹ́ pé ó já ẹlòmíràn gbà ni tàbí ó bú ẹnìkan, ẹ ó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ wí. Bí ó bá jẹ́ pé ó ṣi ọ̀rọ̀ kà ni, ọ̀rọ̀ náà wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé wọ́n ń na ọmọ lórí ohun tí àwọn fúnra wọn kò tíì kọ́ ọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni ṣe ọmọ léṣe ní ara tàbí ní ọkàn. Kí ẹ lọ ní méjì, ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ ilé, kí ẹ má sì gbé ohùn sókè. Ohun tí wọ́n bá fi dá yín lóhùn ṣe pàtàkì ju pàṣán mẹ́ta náà lọ. Bí wọ́n bá ní “ẹ jọ̀ọ́, a ó pè é, a ó bá a sọ̀rọ̀”, ibi tí a ti lè máa bá iṣẹ́ lọ wà. Bí wọ́n bá ní “ọmọ yín ti bàjẹ́ jù”, ẹ máa wo ẹ̀yìn ọ̀la.

Ìgò omi ni ó bà mí lẹ́rù jù nínú ìwé yín, ẹ sì kọ ọ́ bí ẹni tí ó fẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ọmọ tí kò mu omi láti aago mẹ́jọ títí di aago méjì, nínú ooru Kabba, tí ó sì ń sá lọ tọ̀ bí ó bá ti délé, ó ń sọ fún yín pé òun kò fẹ́ wọ ṣáláńgá ilé-ìwé náà. Ó ti mọ̀ pé bí òun kò bá mu omi, òun kò ní nílò rẹ̀. Orí fífọ́ ní ọ̀sán, oorun nínú kíláàsì, ìnira nígbà tí ó bá ń tọ̀, gbogbo wọn lè ti ibẹ̀ wá, ọmọ tí orí ń fọ́ kò sì lè ka ohunkóhun já. Bí ó bá jẹ́ ọmọ SS, ìyẹn ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell), omi tí kò mu yẹn lè gbé ìrora ńlá dé, nítorí náà bí ẹ kò bá tíì mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (genotype), ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ lọ sí ilé-ìwé náà láàárọ̀ ọjọ́ kan kí ẹ ní ẹ fẹ́ lo ilé ìtọ̀ àwọn ọmọ, kì í ṣe ti àwọn tíṣà. Ẹ wò ó bóyá ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, bóyá omi àti ọṣẹ wà, bóyá ti ọkùnrin àti ti obìnrin yàtọ̀, bóyá kòkòrò àti òórùn yóò jẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín dúró. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹ ó lò níbẹ̀, ẹ ó mọ bí wọ́n ṣe ka ọmọ sí ju bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n nínú wákàtí ìpàdé òbí.

Bí ẹ bá ti wo gbogbo èyí, níbo ni kí ẹ gbà? LGEA tó wà nítòsí yín lè dára ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ wọn ló kọ́ṣẹ́, wọn kì í sì gba owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ìlànà ní ọmọ 35 fún olùkọ́ kan, ẹ lè bá 60 níbẹ̀, ìdaṣẹ́sílẹ̀ nítorí owó oṣù sì ti jẹ àkókò àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ Kogi púpọ̀. Aládàáni mìíràn lè gba ìlọ́po méjì owó, kí ó má sì ju dídára ògiri lọ. Ẹ ṣe ìdánwò ìlà márùn-ún náà fún ọmọ pírámárì kẹta tiwọn kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Kí ọmọ dúró síbi tí ó wà, kí ẹ sì máa kọ́ ọ nílé, ó ṣeé ṣe bí ilé ìtọ̀ àti pàṣán bá ti ní àtúnṣe, tí ìwé kíkà nìkan ló sì ṣẹ́kù. Ìdajì wákàtí ní alaalẹ́ láti ẹnu ẹ̀yin tàbí ìyá àgbà yóò ṣe ju lẹ́sìnnì tí wọ́n ń gba owó lé lórí lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìwé kíkà, pàṣán àti ilé ìtọ̀ ni kò dára, tí wọn kò sì fẹ́ gbọ́, èmi yóò mú un kúrò ní ìparí táàmù yìí, n kò ní dúró de ìparí ọdún. Ọmọ ọdún 8 tí kò tíì lè kàwé ṣì lè bá ẹgbẹ́. Bí ó bá dé pírámárì karùn-ún bẹ́ẹ̀, gbogbo iṣẹ́ tó kù yóò di òkùnkùn sí i, nítorí pé ìwé ni wọn yóò máa fi kọ́ ọ.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ pásítọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, pásítọ̀ yín ni. Ní ọjọ́ Ajé, ó di ẹni tí ẹ ń sanwó fún láti kọ́ ọmọ yín. Ìdámẹ́wàá yín kì í ṣe owó ilé-ìwé, owó ilé-ìwé yín kì í sì ṣe ọrẹ. Ìbéèrè rẹ̀ pé ta ni yóò kù, ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé bí àwọn òbí tó lójú bá lọ tán, àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lè lọ yóò wà níbẹ̀ láìní agbẹnusọ. Ẹ lè dá a lóhùn báyìí: ẹ mú ìwé ìṣirò ọmọ yín lọ bá a, ẹ ṣí ojú ìwé tí 34 wà, kí ẹ sì ní kí ó bá yín wò ó. Mo mọ pásítọ̀ kan tí ó rí irú rẹ̀, tí ó jókòó, tí kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó gba tíṣà méjì tí ó kọ́ṣẹ́ kí táàmù tó wọlé.

N kò tíì dé ilé-ìwé yín, n kò sì rí ọmọ náà. Ó lè jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni kò ríran jìnnà, kí bọ́ọ̀dù máa ṣe é bìrìbìrì. Ẹ mú un lọ yẹ ojú wò kí ẹ tó dá tíṣà lẹ́bi. Àwọn ọmọ kan sì wà tí ọpọlọ wọn pé, tí iyè inú wọn sì mú, ṣùgbọ́n tí lẹ́tà máa ń dàrú mọ́ra wọn lójú wọn láìjẹ́ ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá kọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta nílé ní Yorùbá, tí “ba” àti “da” kò sì tíì yàtọ̀ sí i, n kì í ṣe ẹni tí ó lè yanjú ìyẹn nínú ìwé. Ẹ wá ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn, ẹ lọ wo ilé ìtọ̀ náà ní ọ̀la, kí ẹ sì máa gbé ìgò omi yẹn wò ní ọ̀sán kọ̀ọ̀kan tí ó bá ti dé.